Ìyáálé Tó Wà Létí Odò

Ẹni tó bá fẹ́ rí Bàbá Gíríìsì láàárọ̀, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lọ sílé. Etí odò ni kó gbà lọ. Kí oòrùn tó yọ tán, bàbá ti wà nínú ikùn ọkọ̀, agolo òróró lọ́wọ́ ọ̀tún, àkísà lọ́wọ́ òsì, ó ń nu irin tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án bí ẹni ń nu ara ọmọ tuntun. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí ọkọ̀ náà fi ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, òun ni ẹnjiníà rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó tún fi ara rẹ̀ jẹ ẹnjiníà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó láyà láti dá a dúró.

Ọkọ̀ ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí ojú àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀. Wíìlì ńlá méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n kan pátákó mọ́ yí po. Wọ́n á da èédú sínú iná, iná á se omi inú ìkòkò irin kan tó tóbi ju yàrá lọ, ooru omi á ti irin, irin á yí wíìlì, wíìlì á máa gbá omi sẹ́yìn gbàá, gbàá, gbàá, ọkọ̀ á sì máa lọ. Mẹ́ta ni irú rẹ̀ lórí odò yẹn tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí wọn kì í gbé: lẹ́tà, pákó, màlúù, ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ, ìyàwó tó ń sá kúrò nílé ọkọ. Nígbà tó yá, wọ́n la títì. Wọ́n kọ́ afárá. Ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí méjì rin ìrìn ọjọ́ kan, àwọn èrò sì ń dín, títí ó fi di pé òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ pọ̀ ju èrò inú rẹ̀ lọ. Wọ́n gé ọ̀kan wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin. Wọ́n gé èkejì. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n so mọ́ èbúté, tí àwọn ẹyẹ ń yé ẹyin sínú ihò èéfín rẹ̀.

Ìyàwó bàbá kì í pe ọkọ̀ náà lọ́kọ̀. “Ìyáálé mi” ló ń pè é. Bó bá rí i tí ọkọ rẹ̀ ń wá sálúbàtà káàkiri láàárọ̀, a ní, “Bàbá wọn, ẹ bá mi kí ìyáálé mi o. Ẹ bi í bóyá ó sùn dáadáa.” Àlejò tí kò bá mọ ìtàn náà á máa wo ojú ọkọ, á máa wo ojú ìyàwó. Ìtàn ọ̀hún kò sì le. Ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó wọn, nígbà tí ìyàwó ṣì wà nínú aṣọ tuntun, ẹnì kan wá kan ilẹ̀kùn pé ooru ń jò nínú ọkọ̀. Ọkọ ìyàwó ní òun ń bọ̀ kíá. Ó bọ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú èédú nínú etí méjèèjì. Ọjọ́ náà ni ìyàwó búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ inú ọkọ̀ yẹn láyé òun. Ó ní, “Mo bá a nílé ni. N ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n n ò ní wọ yàrá rẹ̀.” Ogójì ọdún rèé, kò sì wọ̀ ọ́.

Àwọn kan wà ṣá o, tí ìfẹ́ ọkọ̀ náà kó sí lórí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti dáàbò bò ó. Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága wọn. Èèyàn dáadáa ni Tíṣà, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè rí tí kò ní fẹ́ fi kọ́ ẹlòmíì lẹ́kọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ kun ọkọ̀ ní ọ̀dà funfun. Wọ́n lé àwọn ẹyẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ìwé pélébé pélébé, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan: “Àga Àtijọ́.” “Fìtílà Àtijọ́.” “Garawa Àtijọ́,” èyí tí Bàbá Gíríìsì rà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó jí, ó bá ìwé kan lára fìlà rẹ̀: “Ẹnjiníà Àtijọ́.” Ẹ̀fẹ̀ lásán ni ẹni tó lẹ̀ ẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n bàbá kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lóhùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó dun bàbá jù kì í ṣe ti fìlà. Ti ìwé agogo ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀ kò rí odò, kò rí èbúté, kò rí nǹkan kan àfi irin àti iná. Agogo ló fi ń mọ ohun tí ẹni tó ń wakọ̀ lókè ń fẹ́. Okùn kan wà lókè tí wọ́n ń fà, agogo á dún nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan: máa lọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì: dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta: padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin: fún un ní gbogbo agbára tó bá wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan, wọ́n sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Tíṣà rí ìwé náà, ojú rẹ̀ tàn. Ó yọ ọ́, ó gbé e sínú àpótí onígíláàsì nínú iyàrá ìṣàfihàn, ó sì tì í pa, kí ọwọ́ èèyàn má baà bà á jẹ́.

Bàbá ní, “Tíṣà, ta ló máa kà á níbẹ̀?”

“Àwọn ìran tó ń bọ̀, sà.”

“Ṣé àwọn ìran tó ń bọ̀ ló fẹ́ bá wa wakọ̀ ni?”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá fọkàn balẹ̀, òun ti há gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà sórí.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí ìwé ìjọba fi dé. Kò gùn. Wọ́n ní aṣàyẹ̀wò ọkọ̀ yóò wá ní Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò fún ẹgbẹ́ níwèé àṣẹ pé kí ọkọ̀ máa rìn, kó sì máa gbé èrò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn tó ń fi iná gé irin yóò dé ní Ọjọ́ Ajé. Tíṣà ka ìwé náà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Gíríìsì bọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tó nu ojú tán, àkísà gíríìsì ló fi nù ún, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, láti ìdájí ni bàbá ti dáná. Géńdé méjì ń bá a da èédú. Ìkòkò irin náà kọ́kọ́ kùn, ó sín, ó jò níbi mẹ́ta, bàbá ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ aláìsàn kó gba oògùn. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, ooru ti tó. Ó kọjú sí àwọn géńdé náà, ó sì fún wọn lófin kan ṣoṣo tó ń darí ayé rẹ̀.

“Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ohùn kì í ṣe agogo. Ẹni yòówù tó bá pariwo lókè, ẹ má dá a lóhùn. Agogo nìkan.”

Ó nídìí. Nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń kọ́ṣẹ́, obìnrin kan lórí ọkọ̀ kígbe “Dúró!” mọ́ ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ jẹ ẹran tó kù nínú abọ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbọ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹ́ńjìnnì dúró láàárín odò. Omi gbé ọkọ̀ lọ sórí yanrìn, wọ́n sì lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, èrò àádọ́rùn-ún àti màlúù mẹ́fà. Ìwọ̀sí tí ọ̀gá rẹ̀ fi kàn án lọ́jọ́ náà kò kúrò létí rẹ̀ títí dòní.

Lókè, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Tíṣà dé fìlà ọ̀gá awakọ̀, ó dúró ti okùn agogo. Wọ́n fi okùn tuntun tó ki so ọkọ̀ mọ́ èbúté, nítorí wíìlì nìkan ni wọ́n fẹ́ kó yí, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ lọ síbì kankan. Èbúté náà fúnra rẹ̀, pátákó ni, ó léfòó lórí àgbá òfìfo, ṣéènì méjì ló sì so ó mọ́ ilẹ̀. Ẹgbẹ́ ra okùn tuntun. Kò sẹ́ni tó wo ojú ṣéènì. Orí èbúté yìí ni wọ́n tẹ́ tábìlì sí fún aṣàyẹ̀wò, obìnrin kan tó wọ kóòtù dúdú, tí ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti dé. Ìyàwó Bàbá Gíríìsì náà wà lórí èbúté, lẹ́bàá ibẹ̀. Bàbá gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé, ìyàwó mú un wá, ó sì ń wá ẹni tó máa bá òun fi jíṣẹ́, nígbà tí òun kò lè wọlé ìyáálé.

Tíṣà fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Nísàlẹ̀, agogo dún. Bàbá Gíríìsì mí kanlẹ̀, ó ṣí ooru díẹ̀díẹ̀. Irin ńlá náà gbọ̀n, ó dúró díẹ̀ bíi pé ó ń rántí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Gbàá. Gbàá. Gbàá. Àtẹ́wọ́ sọ lókè. Bàbá di irin mú, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé orúnkún ń dun òun.

Aṣàyẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ní, “Ó dáa. Ẹ dá a dúró.”

Tíṣà di okùn mú. Òógùn bò ó. Gbogbo ohun tó há sórí ti fò lọ, àfi ẹ̀ẹ̀kan tó fà. Ó wo ibi tí ìwé agogo máa ń wà, ó rí ìṣó lásán. Kọ́kọ́rọ́ àpótí onígíláàsì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, akọ̀wé sì ti lọ kí ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní ìlú mìíràn. Tíṣà wá ronú bí olùkọ́. Kò sí àṣẹ tó ṣe pàtàkì tó “dúró”, nítorí náà ó yẹ kí agogo tirẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹrin.

Bàbá Gíríìsì gbọ́ mẹ́rin. Ẹnu yà á. Gbogbo agbára, lórí ìso? Ṣùgbọ́n agogo ni agogo. Inú rẹ̀ tún dùn, kí n má parọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti bèèrè gbogbo agbára lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ṣí ooru sílẹ̀ gbayawu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rò ó fún un. Ọkọ̀ ta kìjí. Okùn tuntun náà le, kò já. Ṣéènì àtijọ́ ló já, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, èbúté sì tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ sáàárín odò tòun ti tábìlì, aṣàyẹ̀wò, àga méjìlá, àti ìyàwó Bàbá Gíríìsì pẹ̀lú awò ojú lọ́wọ́. Àwọn èèyàn tó wà létí odò ń ju ọwọ́ sí wọn. Àwọn kan rò pé ó wà nínú ètò, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Iwájú wọn gan-an ni òpó afárá wà, òpó òkúta tó tóbi ju ilé lọ, ó sì ń sún mọ́ wọn.

Tíṣà da ẹnu bo ihò tó lọ sísàlẹ̀, ó ké, “Ẹ dúró! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!”

Nísàlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn géńdé ní, “Bàbá, wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ohùn ni.”

“Mo ti sọ̀rọ̀ ohùn fún ọ.”

Tíṣà sáré lọ gbá ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Bàbá ti tì í, kí àwọn àlejò má baà wá fọwọ́ kan irin. Tíṣà sáré padà, ó fa agogo lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bàbá gbọ́ márùn-ún, ó mi orí. Kò sí márùn-ún nínú ìwé. Ó ní wèrè ti gorí ọkọ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lórí èbúté, ìyàwó rẹ̀ ń pariwo, “Méjì! Tíṣà, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì!” Wíìlì ń ké, omi ń hó, Tíṣà kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó wo òpó afárá. Ó wo aṣàyẹ̀wò, tí bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti bá odò lọ. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti búra. Bó bá dúró síbi tó wà, ìyáálé á fọ́ mọ́ òpó lónìí, ọ̀rọ̀ wọn á tán. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀. Ó fi awò ojú sẹ́nu, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì fò. Ó gun àtẹ̀gùn bí ẹni ogún ọdún, ó fi ìgbáròkó ti Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di okùn mú.

Nísàlẹ̀, agogo dún. Méjì. Kedere, wọ́n sì jìnnà síra wọn bó ṣe yẹ. Ọwọ́ bàbá ti ti ooru pa kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, mẹ́ta. Ó yí i sẹ́yìn. Ọkọ̀ fà tìkọ̀, ó gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà, òpó afárá sì ku ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́rin péré. Méjì. Ẹ̀ẹ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Méjì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni agogo ń bá a sọ̀rọ̀, kò kánjú, kò pẹ́ jù. Omi yọ lójú bàbá. Láti ìgbà tí ọ̀gá awakọ̀ wọn àtijọ́ ti kú, ẹnikẹ́ni kò fa agogo fún un báyìí mọ́. Ó ní kí àwọn géńdé mú iná dání, òun fẹ́ lọ wo ẹni tó wà lókè.

Ó gòkè. Ọkọ̀ àti èbúté ti padà sí etí odò, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dé. Ìyàwó rẹ̀ ló bá nídìí okùn, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, awò ojú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ gbàgbé èyí.”

Aṣàyẹ̀wò wọ inú ọkọ̀ wá pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Tíṣà ti ṣí fìlà, ó gbé e pa mọ́ sẹ́yìn.

Aṣàyẹ̀wò ní, “Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi kí n tó kúrò nílé pé ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Ẹ́ńjìnnì tó fa èbúté tu kò kú. Màá fagi lé ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kan ń bẹ. Ọkọ̀ yìí kò lè gba àṣẹ bí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ agogo rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀. Ta ló wà lókè?”

Tíṣà gbọ́wọ́ sókè.

“Ẹ gbé e sílẹ̀, sà.” Ó kọjú sí ìyàwó bàbá. “Ẹ̀yin ìyá, níbo lẹ ti kọ́ agogo ọkọ̀?”

“Nílé ìdáná mi.”

“Báwo?”

“Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, màá gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan, ó ti ń sún mọ́ èbúté. Méjì, ó dúró. Mẹ́ta, kò dúró dáadáa, wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Bí mo bá ti wá gbọ́ méjì àṣekẹ́yìn, mo mọ̀ pé ó ku kó fọwọ́, kó gun òkè wálé. Ìgbà yẹn ni mo máa gbé ọbẹ̀ kaná.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.”

Bàbá Gíríìsì dúró, agolo òróró lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń wọlé bá oúnjẹ gbígbóná. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí. Ó rò pé bí ilé ṣe máa ń rí nìyẹn ni, pé ọkùnrin á ṣí ilẹ̀kùn, èéfín á máa jáde lórí abọ́.

Ó ní, “Ìyá wọn, ọjọ́ tí kùrukùru há wa mọ́ òkè odò ńkọ́? Ọjọ́ kejì la dé.”

“N ò gbọ́ agogo, n ò gbé nǹkan kan kaná.”

“Kí lo wá jẹ?”

“Ta ló ń jẹun?”

Ó jókòó sórí garawa. Ó ní, “O ò sọ fún mi rí.”

“Ẹ ò bi mí rí.”

Aṣàyẹ̀wò wú ikọ́. Ó ní òun ń retí èsì, òun yóò kọ orúkọ ẹnì kan síbẹ̀, tàbí kí òun fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí àwọn tó ń gé irin máa bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Tíṣà ń fi ojú bẹ ìyàwó. Bàbá kò lè wo ojú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹnu tí ọkùnrin fi ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún.

Ìyàwó rọra tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, “Mọ̀dáàmù, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Nínú òfin yín, ẹni tó wà lókè ló ń pàṣẹ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kò sì gbọdọ̀ jiyàn?”

“Kò gbọdọ̀.”

“Ẹ kọ orúkọ mi.”

Wọ́n kọ ọ́, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e. Ẹ̀rín ta, aṣàyẹ̀wò náà sì rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Tíṣà lọ fọ́ gíláàsì àpótí láti yọ ìwé agogo síta. Bàbá Gíríìsì dìde lórí garawa, ó nu ọwọ́ méjèèjì, ó sì dúró níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, “Ọ̀gá mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe báyìí?”

Ìyàwó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ pa iná yẹn, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé. Mo ti ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì yín láti ìdájí. N ò tíì jẹun.”